Sí Àjàní Tó Ń Se Rọ́bà ní Gáréèjì

Fọlárìn, Àjàní ọmọ mi,

Wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí, nítorí ó gùn. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, mo mọ ohun tí wàá ṣe. Wàá ní, "Mummy, I hear you," wàá sì máa fi ọwọ́ kejì wá irinṣẹ́ kiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì ní kí bàbá rẹ mú un wá fún ọ. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí òun ni mo fi tọ́ ọ, kò sì sí èdè mìíràn tí mo lè fi bínú sí ọ kí n tún fi gbé ọ mọ́ra. Bí ibì kan bá ṣòro fún ọ, kà á sókè. Etí rẹ mọ Yorùbá ju ojú rẹ lọ.

Ara bàbá rẹ ti yá. Orúnkún tí dókítà ṣe fún wọn ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, àfi tí mo bá ní kí wọ́n da ilẹ̀ nù, ìgbà yẹn ló máa ń dùn wọ́n.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, o tẹ̀lé mi wọ ilé ìdáná. O sọ fún mi pé o ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé láti ìparí oṣù yìí, ìwọ àti rọ́bà ló kù. Mò ń gé ẹ̀fọ́, mo sì ń gé e lọ. Lẹ́yìn náà lo wá sọ ohun tó gbé ọ tọ̀ mí wá gan-an. O ní Yétúndé ìyàwó rẹ ti rí ààyè ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní West End, ní Atlanta níbí, ṣùgbọ́n pé o fẹ́ kó dá a dúró, kó máa bá iṣẹ́ tó ń ṣe lọ, kí owó oṣù rẹ̀ lè gbé ilé, kó sì lè máa tọ́jú Tiwa ọmọ yín nígbà tí o bá wà nídìí rọ́bà. Ọ̀rọ̀ tí o fi parí rẹ̀ ṣì wà létí mi: "Mummy, please, ẹ bá mi talk to her. Just one year ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, she can't say no."

Mo da ẹ̀fọ́ sínú abọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. O fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, o sì lọ bá bàbá rẹ wo bọ́ọ̀lù. O rò pé mo ti gbà. Mi ò tíì gbà nígbà náà, mi ò sì gbà nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n má fò dé ìparí ìwé yìí o. Ka gbogbo rẹ̀, nítorí ìyìn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, mi ò sì fẹ́ kí o pàdánù rẹ̀.

Ìyìn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ibi tí rọ́bà yìí ti wá. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ ní Clarkston, tí bàbá rẹ ń fi wọ́kà rìn lọ síbi ọkọ̀, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí dókítà ní kí wọ́n máa dì mú. Rọ́bà tó wà nídìí ẹsẹ̀ irin náà ti gbẹ, ó yọ̀, bàbá rẹ sì ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú agbádá wọn. Gbogbo wa sáré sí wọn. Ìwọ náà gbé wọn dìde, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn o padà lọ kúnlẹ̀ sínú òjò, o yọ rọ́bà náà, o fi èékánná rẹ́ ẹ wò, o sì fi í sápò. Láti ọjọ́ náà lo ti ń wá rọ́bà tí kò ní yọ̀ nínú òjò, tí kò sì ní le gbagidi nígbà òtútù. Ọmọ tó rí ìṣubú bàbá rẹ̀ tó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí yóò gba bàbá ẹlòmíràn là, kí ni ìyá rẹ̀ máa wí bí kò ṣe pé kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́? Nítorí náà, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé Mummy ò fẹ́ rọ́bà. Mo fẹ́ rọ́bà. Mo mọ rọ́bà kí o tó mọ̀ ọ́n, nítorí oko rọ́bà lẹ́bàá Òkìtìpupa ni wọ́n ti tọ́ mi, òórùn rẹ̀ ni mo sì fi ń mọ̀ pé bàbá mi ti dé láti ibi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wá kù, ọ̀rọ̀ ọkùnrin òyìnbó tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri gáréèjì rẹ. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún wa nídìí oúnjẹ. O ní láyé àtijọ́, kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi, òun ló wá ọ̀nà tí rọ́bà ò fi ní máa yọ́ nínú oòrùn kó sì máa fọ́ nínú òtútù. O ní ìyà jẹ ẹ́, wọ́n fi í ṣẹ̀sín, kò sì padà lẹ́yìn. Bàbá rẹ pàtẹ́wọ́. Èmi lọ sí láíbìrì ní Stone Mountain níbí, mo yá ìwé tí wọ́n kọ nípa ọkùnrin náà, mo sì fi awò ojú mi kà á dé ẹ̀yìn. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún ọ.

Ìtajà irinṣẹ́ ni ọkùnrin náà àti bàbá rẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìtajà náà sì dojú dé. Wọ́n tì í mọ́lé nítorí gbèsè, ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé rọ́bà àti igi tó fi ń yí ìyẹ̀fun wá fún òun ní àtìmọ́lé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, nítorí mo mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, mo bí ọ̀kan. Ó po rọ́bà pọ̀ mọ́ oríṣiríṣi ẹbu, àwọn nǹkan tí a lọ̀ kúnná. Ó rán aṣọ rọ́bà, ó wọ̀ ọ́ jáde, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi ń fi aṣọ náà júwe rẹ̀ fún àlejò. Nígbà tó rò pé òun ti rí i ṣe, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba láti ṣe àpò tí wọ́n á máa kó lẹ́tà sí. Ó gbé àwọn àpò náà kọ́ kó lè gbádùn wíwò wọn, ó lọ sinmi, ooru mú, nígbà tó fi máa padà dé, àpò ti ń yọ́ kúrò lára ìdìmú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ wà. Má ṣèlérí ohun tí oòrùn àti òtútù ò tíì dán wò. Mo gbọ́ pé o ti sọ fún Pásítọ̀ pé gbogbo àgbà ìjọ tó ń lo wọ́kà máa gba rọ́bà rẹ kí Kérésìmesì tó dé. Ta ló rán ọ? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá tìrẹ nìkan ni kí wọ́n máa lò ó títí ọdún yóò fi yípo. Wọ́n ti gbà, wọ́n ní kò sí ohun tuntun nínú kí ọmọ fi bàbá dán nǹkan wò.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, nítorí náà gbọ́ àkísà tèmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Atlanta, mo rí bàtà rọ́bà olówó pọ́ọ́kú ní ilé ìtajà kan, aláwọ̀ mèremère. Mo ní èmi náà á di oníṣòwò. Mo rà á kún àgbá, irú àgbá ńlá tí a fi ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé, mo tì í pa, mo sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, Àǹtí rẹ Mojí, kó bá mi tà á. Ọkọ̀ ojú omi pẹ́ lójú ọ̀nà, àgbá náà tún jókòó sínú oòrùn ní èbúté. Nígbà tí Mojí ṣí i, ó pè mí, ó ní, "Ọ̀kan ṣoṣo ni bàtà tí ẹ fi ránṣẹ́, ó kàn tóbi tó àgbá ni." Èmi ọmọ oko rọ́bà! Èmi tó yẹ kí n mọ ohun tí ooru ń ṣe! Mojí kò tíì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Ó kù. Imí ọjọ́ ni ọkùnrin náà wá rí lò nígbẹ̀yìn. Inú Bíbélì ni mo ti mọ imí ọjọ́, mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè máa pò ó mọ́ rọ́bà kó sì gbé e sórí ààrò ìyàwó rẹ̀. Rọ́bà náà ṣèèṣì kan ààrò gbígbóná náà, dípò kó yọ́, ó jó díẹ̀ bí awọ, etí rẹ̀ sì rí bí ohun tí ọkùnrin náà ti ń wá. Ìwọ náà ń se imí ọjọ́, má sọ fún mi pé o kì í se é, mo gbóòórùn rẹ̀ lára ẹ̀wù rẹ. Máa ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ gbayawu. Má jẹ́ kí Tiwa débẹ̀, ikọ́ ọmọ náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Má sì fi iná sílẹ̀ kí o wọlé lọ jẹun. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn.

Mo tún ní ọ̀kan nípa ẹnu rẹ. Ọkùnrin yìí jẹ́ kí rọ́bà rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òyìnbó òdìkejì òkun lọ́hùn-ún, ẹnìkan gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó sì lọ gba ìwé àṣẹ ìjọba pé òun ló ni irú iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni gbogbo ìyókù ayé ọkùnrin náà. Ìwọ wá ń fi tìrẹ han gbogbo Uncle tó bá wá kí ọ, o tún ń sọ iye ìṣẹ́jú tí o fi sè é. Kò sí ẹni tó ní kí o ṣahun. Ṣáà gba ìwé àṣẹ tìrẹ kí o tó la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ ìyà ló kàn. Nínú gbogbo ìtàn tí o sọ, ìyà lo fẹ́ràn jù, mo rí i lójú rẹ. Ó dà bíi pé ìyà tí ọkùnrin náà jẹ ló jẹ́ kí rọ́bà rẹ̀ dára. Irọ́ ni. Èmi náà gba irọ́ yẹn gbọ́ nígbà kan. Nígbà tí o wà ní kékeré, mò ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé àwọn arúgbó, mò ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán ní ilé ìwòsàn, mo sì ń fi àárẹ̀ mi yangàn bí ẹni tó joyè. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n gbé igbá ọrẹ dé ọ̀dọ̀ mi, mo gbà á, mo gbé e lé itan, mo sì sùn lọ. Gbogbo ìjọ ń kọrin, wọ́n ń dúró de igbá. Bàbá rẹ ló yọ ọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjèèjì sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ebi pa nínú ilé. Máa ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìwọ kò ríran ní ibì kan, ibẹ̀ ni mò ń lọ báyìí.

Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń gba oje lára igi rọ́bà fún ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni bàbá mi ti ń jáde, nítorí oje máa ń ṣàn dáadáa nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣì tutù. Ọ̀bẹ wọn kéré, ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀. Wọ́n á fi bó èèpo igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ojú rẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ̀, oje funfun á sì máa kán sínú ife. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú bí ọ̀bẹ ṣe wọlé tó. Bí kò bá wọlé tó, oje ò ní yọ. Bí ó bá wọlé jù tó kan igi gan-an, oje á yọ lọ́jọ́ náà, á tiẹ̀ pọ̀, inú rẹ á dùn. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ náà á wú, á di kókó, èèpo rere ò sì ní hù níbẹ̀ mọ́. Igi náà kì í pariwo. Ó ṣì máa ní ewé lórí, ẹni tó bá ń kọjá á rò pé kò sóhun tó ṣe é.

Àjàní, ìyàwó ọkùnrin yẹn kì í pariwo. Mo wá a kiri nínú ìwé náà láti ojú ewé dé ojú ewé. Igi tó fi ń yí ìyẹ̀fun lọ sí ìdí rọ́bà. Ààrò rẹ̀ lọ sí ìdí rọ́bà. Wọ́n ń kó láti ilé kan dé èkejì, àwọn ọmọ ń wa ọ̀dùnkún tí kò tíì gbó nínú oko kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Ó sin ju ọmọ kan lọ. Lójú ọkọ rẹ̀, gbogbo ìgbà ló ku díẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ni nǹkan á dára. Mo wá dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ọkùnrin náà kó ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, ó tà wọ́n, ó sì fi owó rẹ̀ bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó kọ ìwé náà ń fi í yìn ín, bíi pé akin ni. Mo pa ìwé náà dé, mi ò sì lè padà sí i títí di ọjọ́ kejì.

Ìwọ náà kà á. Mo mọ̀ pé o kà á. O kò sọ ọ́ fún wa nídìí oúnjẹ.

Obìnrin náà ti kú kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Ọkùnrin náà ń lọ wo ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ọmọ náà kú kó tó dé, òun náà ò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, gbèsè ló fi sílẹ̀. Gbogbo ayé ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀, èmi náà ń wọ bàtà òjò, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbé àwòrán ìyàwó rẹ̀ kọ́ sí gáréèjì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Yétúndé wá gbé Tiwa lẹ́yìn iṣẹ́. Mo bi í léèrè ilé-ẹ̀kọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ma, it's fine. School ò ní sá lọ. Kí Fọlárìn kọ́kọ́ settle." Ó sì yíjú sí àwo tí mo ti fọ̀ tán, ó tún un fọ̀. Kò fi ọ́ sùn, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bá a gbé ẹrù ọmọ dé ìdí ọkọ̀, mo rí bàtà funfun nínú búùtù, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀, ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Ó ti rà á kí o tó ní kó dúró. Ọkàn mi bàjẹ́, Àjàní. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ rẹ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀.

O ní bí èmi bá sọ ọ́, kò lè kọ̀. Òótọ́ lo sọ, o mọ ilé wa dáadáa. Bí ìyá ọkọ bá bẹ ìyàwó, kò sí bó ṣe lè kọ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí mi ò fi ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ tí ẹni tí à ń bẹ̀ kò lè kọ̀, àṣẹ ni. O fẹ́ fi ọwọ́ mi gé e, kí ó má bàa jẹ́ ìwọ lo di ọ̀bẹ mú. Èmi ò ní di ọ̀bẹ yẹn mú fún ọ, bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ tó.

Ohun tí mo lè ṣe nìyí. Tiwa á máa wà lọ́dọ̀ wa ní gbogbo ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá ní kíláàsì. Bàbá rẹ ní àwọn á máa pàlọ́ fún un títí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì á fi sùn. Ìwọ náà, padà lọ bá ọ̀gá rẹ, oṣù ò tíì parí, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ níbẹ̀. Bi wọ́n bóyá wọ́n lè gbà ọ́ fún ìdajì ọ̀sẹ̀. Rọ́bà rẹ á pẹ́ díẹ̀. Jẹ́ kó pẹ́. Ara tìrẹ ni kí o kọ́kọ́ gé, kí o sì gé e níwọ̀n. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí o bá ba ilé jẹ́ nítorí àtigba àwọn ará ìta là, kí lo máa kó jáde?

Ọjọ́ Ẹtì ni ilé-ẹ̀kọ́ náà máa pa orúkọ Yétúndé rẹ́ bí kò bá yọjú. Mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, mo lè wá gbé ọmọ láàárọ̀. Bí o bá fẹ́ràn ìyá rẹ, má jẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo máa fi ọkọ̀ gbé ìyàwó rẹ lọ sí West End. Mo lè ṣe é. Mo kàn ní láti sọ gbólóhùn kan fún un ni, á wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un, nítorí bí mo bá sọ ọ́, nítorí mi ló máa fi lọ, yóò sì máa fi ojú ẹ̀bi wò ọ́ nílé, bíi pé òun gba nǹkan rẹ. Mo fẹ́ kó lọ nítorí pé ọkọ rẹ̀ ní kó máa lọ.

Yétúndé wà nílé báyìí bí bàbá rẹ bá fún ọ ní ìwé yìí ní àsìkò tí mo ní kí wọ́n fún ọ. Pa iná tó wà nídìí rọ́bà, fọ ọwọ́ rẹ, kí o wọlé lọ bá a.

Èmi ìyá rẹ,
tó ń gbàdúrà fún ọ àti fún rọ́bà rẹ.